Ahọ́n ta ni a fi ń yan irúgbìn tòmátì?

Àpilẹ̀kọ tí mo fẹ́ yẹ̀ wò jáde ní ọdún 2017 nínú ìwé ìròyìn Science. Denise Tieman, Harry Klee àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ló kọ ọ́. Ìbéèrè wọn ni pé: kí ló dé tí tòmátì ìgbàlódé kò fi ládùn bíi ti àtijọ́? Wọ́n ka àbùdá àjogúnbá irú tòmátì 398, ti ìgbàlódé, ti àtijọ́ àti ti inú igbó. Wọ́n wọn ṣúgà, ìkan àti àwọn èròjà olóòórùn inú èso, wọ́n sì pe àwọn ènìyàn ní Florida wá tọ́ ọ wò.

Wọ́n rí i pé èròjà olóòórùn 13 tó ń fa adùn ti dín kù nínú àwọn irú ìgbàlódé. Wọ́n tún rí i pé yíyan èso ńlá ti mú kí ṣúgà dín kù. Kò sí ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ lé adùn lọ. Ìwọ̀n èso, líle rẹ̀ àti iye ìkórè ni àwọn olùyan irúgbìn ń wò. Nítorí pé wọn kò wọn adùn, wọn kò mọ ìgbà tó ń lọ. Ẹ̀kọ́ yìí ni mo fi ń yin iṣẹ́ náà.

Ṣùgbọ́n ahọ́n ta ni wọ́n lò? Tútù ni àwọn olùtọ́wò wọn jẹ tòmátì. Òótọ́ ni pé àwa náà máa ń lọ tòmátì tútù mọ́ ata láti fi jẹ ẹ̀kọ. Síbẹ̀, púpọ̀ nínú tòmátì tí à ń rà ní Kétu tàbí Àjàṣẹ́, inú ìkòkò ló ń lọ: a ó lọ̀ ọ́, a ó sè é títí omi yóò fi gbẹ, a ó wá fi òróró dín in. Ọ̀pọ̀ èròjà olóòórùn yóò bá èéfín lọ. Ohun tí olùrà ń bèèrè ni pé: ṣé kò lómi jù? Ṣé ó pọ́n dáadáa? Ṣé yóò tó ọjọ́ ọjà mìíràn nínú apẹ̀rẹ̀? Ẹ̀bi àwọn òǹkọ̀wé kọ́ nìyí. Ọjà tiwọn ni wọ́n kọ̀wé fún. Ẹ̀bi di tiwa bí a bá sọ ọ̀nà tiwọn di tiwa láìyẹ̀ ẹ́ wò.

Èmi náà jẹ̀bi. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ oyè mi lórí Akikon, Tounvi àti àwọn irú mìíràn, ìwé àwọn ẹlòmíràn ni mo ti da ohun tí mo fẹ́ wọ̀n kọ: gíga igi, ọjọ́ ìtanná, iye èso, ìwọ̀n èso. Mo mú èyí tó tẹ̀wọ̀n jù lọ fún ìyá kan tó ń ta tòmátì lọ́jà Kétu. Ó tẹ̀ ẹ́, ó rẹ́rìn-ín: « Ọmọ mi, omi lo gbé wá yìí. » Kò sí àyè kankan fún omi nínú tábìlì mi.

Àwa tí à ń ṣe irú iṣẹ́ yìí máa ń fi ìwọ̀n àjogúnbá ńlá yangàn. Ṣùgbọ́n iye tí a ṣírò nínú oko kan, ní àsìkò kan, ti oko yẹn àti ti irú tí a gbìn síbẹ̀ ni. Kò sì lè sọ fún wa bóyá ohun tí a wọ̀n ṣe pàtàkì fún ẹnikẹ́ni.

Wíwọn omi kò wọ́n: a ó wọn èso ní tútù, a ó gbẹ ẹ́ nínú ààrò, a ó tún un wọ̀n. Kí a ka iye ọjọ́ tó lò nínú apẹ̀rẹ̀. Kí a sè é, kí àwọn tó ń sebẹ̀ tọ́ ọ wò. Kí a ṣe é kí a tó yan irú kankan, nítorí irú tí àgbẹ̀ kò bá gbìn mọ́, irúgbìn rẹ̀ kì í pẹ́ kú. Bí ó bá ti kú, kò sí àpilẹ̀kọ tó lè dá a padà.