Ọwọ́ Tó Ń Sún Ọmọlángidi: Àtúnyẹ̀wò Fíìmù Mad Monster Party?

Nínú ohun tí àwọn lámèyítọ́ ti kọ lórí Mad Monster Party?, fíìmù àwàdà fún tòbí-tọmọ tí ilé-iṣẹ́ Embassy Pictures gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1967, èrò méjì ló gbilẹ̀ jù, méjèèjì ló sì nílò àtúnṣe. Èrò kìíní ni pé eré ọmọdé lásán ni, tí orin pọ̀ jù nínú rẹ̀, tí kò sì wúlò ju kí wọ́n máa fi dá àwọn ọmọ lára yá ní àsìkò Halloween lọ. Èrò kejì jọ ìyìn, ṣùgbọ́n ó burú ju ti ìṣáájú lọ, nítorí ohun tí àwọn tó dì í mú ń sọ ni pé iyì fíìmù náà kò kọjá pé ó la ọ̀nà sílẹ̀ fún The Nightmare Before Christmas tí Henry Selick darí ní ọdún 1993. Ẹni tó bá ń yin òbí nítorí ọmọ tó bí nìkan kò tíì sọ ohunkóhun nípa òbí náà fúnra rẹ̀. Ohun tí àròkọ yìí dúró lé lórí ni pé fíìmù náà ní èrò tirẹ̀ nípa ohun tó ń jẹ́ ẹ̀dá àfọwọ́ṣe, àti pé ẹni tí kò bá wo ọwọ́ àwọn tó ṣe é kò lè rí èrò náà.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é ni àwọn oníṣẹ́ ń pè ní stop-motion: wọn a gbé ọmọlángidi tí wáyà ṣe egungun rẹ̀ sí iwájú kámẹ́rà, wọn a ya àwòrán kan, wọn a sún apá tàbí orí rẹ̀ díẹ̀, wọn a tún ya òmíràn, títí tí àwòrán yóò fi tò tẹ̀ lé ara wọn, tí ọmọlángidi yóò sì dà bí ohun tó ń dá rìn. Àwòrán 24 ló ń kọjá lójú òǹwòran ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí wọ́n bá tilẹ̀ lo ìdúró kan fún àwòrán méjì láti dín iṣẹ́ kù, fíìmù tó lé ní ìṣẹ́jú 90 yóò ṣì gba ìdúró tó lé ní 60,000, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó lè ṣèèṣì wáyé.

Ìtàn náà fúnra rẹ̀ kò lọ́jú pọ̀. Baron Boris von Frankenstein, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó ń gbé ní erékùṣù kan, ṣàwárí oògùn tó lè pa ohun gbogbo run, ó fi ẹyẹ ìwò dán an wò, ó sì ránṣẹ́ pe àwọn abàmì ẹ̀dá jákèjádò ayé síbi àsè tí yóò ti fẹ̀yìntì, tí yóò sì fa ipò rẹ̀ lé ìbátan rẹ̀ lọ́wọ́, ìyẹn Felix Flankin, apòògùn onígíláàsì tí kò mọ ohun tí wọ́n pè é wá ṣe. Francesca, akọ̀wé Baron, fẹ́ gba ipò náà, ó sì lẹ̀dí àpò pọ̀ mọ́ Dracula láti pa Felix, kí ìfẹ́ tó yí i lọ́kàn padà. Jules Bass ló darí fíìmù náà, Arthur Rankin Jr. ló ṣe agbátẹrù rẹ̀, Len Korobkin àti Harvey Kurtzman, ẹni tó jẹ́ olóòtú àkọ́kọ́ fún ìwé ìròyìn àwàdà Mad, ló kọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, Jack Davis tí òun náà yàwòrán fún Mad ló sì ya bí ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan yóò ti rí. Orí àwọn orúkọ wọ̀nyí ni ọ̀pọ̀ ìwé máa ń parí ọ̀rọ̀ sí, bí ẹni pé láti orí bébà ni ọmọlángidi ti dìde tó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.

Baron ni àpẹẹrẹ àkọ́kọ́ tó yẹ kí a fara balẹ̀ wò, nítorí pé Boris Karloff ló ń sọ̀rọ̀ fún un, ojú Karloff ni wọ́n sì ṣe sí ọmọlángidi náà. Nígbà tí James Whale darí Frankenstein ní ọdún 1931, Karloff ni abàmì ẹ̀dá tí ọ̀mọ̀wé fi ẹ̀yà ara òkú tò pọ̀. Jack Pierce ló kun ojú rẹ̀ tó fi di ohun ẹ̀rù, ṣùgbọ́n nígbà tí orúkọ àwọn òṣèré jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù náà, àmì ìbéèrè ni wọ́n fi sí ibi tí orúkọ ẹni tó ṣe abàmì ẹ̀dá yẹ kó wà. Ní ọdún 1967, ẹni tí wọ́n fọwọ́ ṣe ti di ẹni tó ń ṣe ẹ̀dá, nínú fíìmù tí òun náà gbé àmì ìbéèrè sí ìdí orúkọ rẹ̀. Abàmì ẹ̀dá àtijọ́ yẹn sì wà nínú ilé Baron pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, èyí tí Phyllis Diller ń sọ̀rọ̀ fún, tí ó fi jẹ́ pé ojú méjì tí Karloff gbé wọ ayé sinimá, ojú ẹ̀dá àti ojú aṣẹ̀dá, jọ ń gbé abẹ́ òrùlé kan náà. Karloff ti pé ọmọ ọdún 79 nígbà tí fíìmù náà jáde, àìsàn sì ti mú ẹsẹ̀ rẹ̀. Àwọn tó ń kọ̀wé pé ohùn nìkan ló mú wá kò ronú kan ohun tí ọmọlángidi ṣe fún un, nítorí ó dá ara tó dúró ṣinṣin padà fún arúgbó òṣèré tí ara tirẹ̀ ti ń kọ̀ ọ́.

Àpẹẹrẹ kejì ni Invisible Man, ọkùnrin tí kò ṣeé rí, tí ó jẹ́ pé fìlà, aṣọ ìgbafẹ́ àti gíláàsì ojú rẹ̀ nìkan ni òǹwòran ń rí. Nígbà tí Whale ṣe fíìmù nípa irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1933, ọgbọ́n kámẹ́rà ni John P. Fulton fi pa ara òṣèré rẹ́, tí aṣọ sì ń rìn lófìfo. Nínú fíìmù ọmọlángidi, ìyanu yìí kò ṣàjèjì, nítorí gbogbo ẹ̀dá tó wà níbẹ̀, látorí Dracula títí dé Felix, ló jẹ́ aṣọ àti igi tí ọwọ́ ẹnìkan ń sún, tí ọwọ́ náà sì ti kúrò kí kámẹ́rà tó ya àwòrán. Invisible Man nìkan ni kò fi bí wọ́n ti ṣe é pamọ́. Àwọn lámèyítọ́ tó kà á sí àfikún àwàdà lásán wo fìlà, wọn kò béèrè ohun tó gbé fìlà ró.

Níbi tí ọ̀rọ̀ dé yìí, kò ní tó mọ́ láti gbèjà fíìmù náà. Ó di dandan láti sọ ọwọ́ ta ni ọwọ́ náà. Ilé-iṣẹ́ MOM Production ní Tokyo ni wọ́n ti sún ọmọlángidi wọ̀nyí, Tadahito Mochinaga ló sì dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ní ọdún 1941, lábẹ́ olùdarí fíìmù Mitsuyo Seo, Mochinaga kan tábìlì kámẹ́rà alájà mẹ́rin tí ó jẹ́ àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Japan, èyí tó ń jẹ́ kí ohun tó wà nítòsí àti ohun tó wà lókèèrè má dà bí ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ojú kan náà. Ó kọjá sí Manchuria nígbà ogun, ó dúró sí China lẹ́yìn ogun, níbi tó ti ṣe Huangdi Meng ní ọdún 1947, fíìmù ọmọlángidi àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ náà, ó sì bá wọn fi ìpìlẹ̀ ohun tó wá di ilé-iṣẹ́ fíìmù àwòrán ńlá ní Shanghai lélẹ̀ kó tó padà sí Japan ní ọdún 1953. Fíìmù rẹ̀ tó gba ẹ̀bùn ní Vancouver ní ọdún 1958 dá lórí Little Black Sambo, ìwé tí àwọn àwòrán rẹ̀ ti tàbùkù ènìyàn dúdú fún ọdún pípẹ́, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni tó ń gbé orúkọ rẹ̀ ga fò ó dá. Iṣẹ́ yẹn náà ló sọ ọ́ di mímọ̀ fún Rankin, láti ibẹ̀ ni àjọṣe wọn sì ti bí Rudolph the Red-Nosed Reindeer ní ọdún 1964 àti The Daydreamer ní ọdún 1966. Kihachiro Kawamoto, tí ayé gbà gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá nínú iṣẹ́ ọmọlángidi, ọ̀dọ̀ Mochinaga ló ti kọ́ iṣẹ́ kó tó lọ bá Jiří Trnka, tí òun náà ń ṣe fíìmù ọmọlángidi, ní Prague.

Síbẹ̀, orúkọ tí wọ́n fi ń ta iṣẹ́ náà ní Amẹ́ríkà ni Animagic, orúkọ kan tó pa idán pọ̀ mọ́ fíìmù, tó sì jẹ́ kí ó dà bí ẹni pé kò sí òṣìṣẹ́ kankan láàárín. Ó ṣeni láàánú pé àwọn ọ̀mọ̀wé tó yẹ kó tú ìpolówó ọjà palẹ̀ ni wọ́n ń tún un sọ. Wọ́n á pe Tokyo ní ibi tí wọ́n ti "parí iṣẹ́," nígbà tó jẹ́ pé níbẹ̀ ni ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ àti àwòrán Davis ti di ìrìn, ìwò ojú àti ìdákẹ́jẹ́, ìyẹn ohun tó ń pa òǹwòran lẹ́rìn-ín gan-an.

Àpẹẹrẹ kẹta ló fi èyí múlẹ̀ jù lọ. Gbogbo abàmì ẹ̀dá tí Baron pè síbi àsè ló ti inú sinimá jáde wá, ènìyàn tó kunjú tàbí tó wọ ẹ̀wù ni wọ́n sì jẹ́ níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹnìkan ṣoṣo ni Baron kò pè: ìnàkí ńlá tí fíìmù náà pè ní It, tí kò sí ẹni tí kò ní mọ̀ pé King Kong ni. Ọmọlángidi sì ni King Kong láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí Willis O'Brien ló sún un díẹ̀díẹ̀ níwájú kámẹ́rà fún fíìmù ọdún 1933. Nígbà náà, ẹnìkan ṣoṣo tí a bí sínú iṣẹ́ yìí gan-an ni wọ́n ti ìlẹ̀kùn mọ́, òun ló sì wá kó gbogbo àwọn yòókù sọ́wọ́, tí Baron fi ní láti lo oògùn rẹ̀ láti pa erékùṣù náà run pẹ̀lú ara rẹ̀. Bóyá Kurtzman ló rò ó bẹ́ẹ̀ tàbí kò rò ó, ohun tó wà nínú fíìmù nìyẹn, kò sì sí ìtumọ̀ tó péye tó lè fò ó.

Nínú ọkọ̀ ojú omi tí Felix àti Francesca fi sá là, Francesca jẹ́wọ́ pé ẹ̀rọ ni òun, pé Baron ló ṣe òun. Felix ní kò burú, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í há, ó ń tún ohun kan náà sọ, tí òǹwòran fi mọ̀ pé ẹ̀rọ ni òun náà. Àwọn kan pe èyí ní ẹ̀fẹ̀ tí wọ́n fi sáré parí ìtàn. Ṣùgbọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ ni fíìmù náà ti ń tọ́ka sí ibẹ̀: ẹ̀dá tó di aṣẹ̀dá, aṣọ tó ń rìn láìsí ara, ọmọlángidi tí wọ́n kò pè. Òtítọ́ ni pé orin fa ọ̀rọ̀ gùn ní àárín, òtítọ́ sì tún ni pé wọ́n ya Francesca gẹ́gẹ́ bí ohun tí ọkùnrin ń wò ju ẹni tó ń ronú lọ. Àwọn àbùkù wọ̀nyí, ti ìwé eré ni wọ́n, wọn kì í ṣe ti ọwọ́ tó sún un. Ìdí nìyí tí ìtàn fíìmù yìí kò fi yẹ kó máa bẹ̀rẹ̀ láti Amẹ́ríkà mọ́. Kí ẹni tó bá tún fẹ́ kọ ọ́ bẹ̀rẹ̀ láti inú ilé-iṣẹ́ MOM, kí ó fi orúkọ Mochinaga àti ti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ṣáájú, kí orúkọ àwọn tó ra iṣẹ́ náà sì tẹ̀ lé e.