Kóòdù Oníbodè: Lámèyítọ́ Lórí Àtúnṣe Ojú-ewé Nínú Onírúurú Bùráúsà

Bí ojú-ewé ayélujára kan bá dúró ṣánṣán nínú Firefox, tó wá wó jákujàku nínú Safari, ohun tó máa ń kọ́kọ́ sọ sí ọ̀pọ̀ ọlọ́wọ́-kóòdù lọ́kàn ni pé kí wọ́n kọ ọ́ sínú kóòdù wọn: bó bá jẹ́ Safari ló dé, ṣe báyìí fún un. Ó jọ ọgbọ́n. Àwa náà ṣáà gbà pé orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Ṣùgbọ́n nínú iṣẹ́ yìí, orúkọ bíbéèrè ló da nǹkan rú.

Ní 1994 ni Netscape gbé bùráúsà rẹ̀ jáde. Bó bá lọ bá sáfà pé kó fún òun ní ojú-ewé, Mozilla ló máa ń pe ara rẹ̀. Nígbà tó yá, ó mọ bí a ṣe ń pín ojú-ewé kan sí férémù méjì-mẹ́ta, nígbà tí àwọn tó kù kò tíì mọ̀ ọ́n. Ni àwọn tó ni sáìtì bá sọ kóòdù di oníbodè: ẹni tó bá ti ní Mozilla lòun, ojú-ewé aláràbarà ni tirẹ̀, ẹni tí kò bá wí bẹ́ẹ̀, ojú-ewé lásán ni yóò gbà. Internet Explorer dé, òun náà mọ férémù, ṣùgbọ́n oníbodè kò mọ orúkọ rẹ̀. Ó bá yá orúkọ. Ó ní Mozilla lòun, ó sì fi orúkọ tirẹ̀ pamọ́ sínú àkámọ́. Konqueror, bùráúsà mìíràn, ní òun dà bíi Gecko, ìyẹn ẹ̀rọ inú Mozilla tuntun. Safari, tí wọ́n kọ́ sórí ẹ̀rọ Konqueror ní 2003, jogún ọ̀rọ̀ yẹn. Chrome dé ní 2008, ó kó gbogbo rẹ̀ mọ́ra, ó tún fi orúkọ Safari kún un. Ní 2013, Internet Explorer 11 yọ MSIE, orúkọ tí wọ́n fi ń dá a mọ̀ láti ìgbà pípẹ́, kúrò nínú ìdáhùn rẹ̀, ó ní òun náà dà bíi Gecko. N kò dá àwọn bùráúsà lẹ́bi o. Ìbéèrè wa ló kọ́ wọn ní irọ́.

(Èmi fúnra mi máa ń béèrè orúkọ bùráúsà lọ́wọ́ ẹni tó bá mú ẹjọ́ wá, kí n lè wá irú fóònù rẹ̀ kàn. Kóòdù ni mo ní kó má béèrè.)

Ohun tó yẹ kí kóòdù béèrè ni iṣẹ́ tí bùráúsà mọ̀ ọ́n ṣe. Nínú CSS, @supports ló ń ṣe é: bùráúsà tó bá mọ grid, kó to ohun inú ojú-ewé ní ìlà àti òpó, èyí tí kò bá mọ̀ ọ́n, kó tò ó léra wọn, ọ̀rọ̀ kankan kò sì ní sọnù. Bó ṣe rí nìyẹn nígbà tí Chrome, Firefox àti Safari gba grid wọlé ní oṣù kẹta ọdún 2017, tí àwọn fóònù àtijọ́ ṣì pọ̀ nígboro.

Síbẹ̀, ẹ̀rí ẹnu bùráúsà kò tó. Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà, ní ẹyọ kan fún ẹ, ó ní òmíràn fún é, ṣùgbọ́n kò ní ẹyọ kan fún ẹ́. A ní láti gbé àmì ohùn lé ẹ lórí ni. Bí fọ́ǹtì kò bá ní àmì ohùn náà, bùráúsà kan lè yá àmì nìkan lọ́wọ́ fọ́ǹtì mìíràn, òmíràn lè yá lẹ́tà àti àmì pọ̀. Kò sí ìbéèrè @supports tó lè tú àṣírí èyí. Ojú ló ń rí i.

Mo lo ọ̀sán kan gbáko lórí irú rẹ̀. Lórí kọ̀ǹpútà mi, àmì jókòó síbi tó yẹ. Lórí fóònù kékeré kan, àmì ohùn ti gun orí lẹ́tà kejì, tí ọ̀rọ̀ sì di ọ̀rọ̀ mìíràn. Ó dùn mí, torí pé ewì ló wà lójú-ewé náà. Mo pa ìdajì ìlà CSS tì, mo wò ó. Mo pa ìdajì èyí tó kù tì, mo tún wò ó, títí ó fi ku ìlà kan ṣoṣo: èyí tó dárúkọ fọ́ǹtì. Mo pààrọ̀ fọ́ǹtì náà, mo sì fi tuntun ránṣẹ́ pẹ̀lú ojú-ewé. Àmì padà sílé.

Ó ku àpótí ìwárí ojú-ewé náà. Bí mo bá tẹ “ọ̀nà” sí i láti orí fóònù náà, kò rí nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ náà wà níwájú mi kedere. Kíbọ́ọ̀dù kan ń kọ ọ̀ ní ẹyọ méjì, òmíràn ń kọ ọ̀ kan náà ní ẹyọ mẹ́ta. Ojú rí wọn bí ọ̀kan, JavaScript ní wọn kì í ṣe ọ̀kan. Mo fi normalize(), tó wọ inú èdè náà ní 2015, sọ ohun tí mo tẹ̀ àti ohun tó wà lójú-ewé di irú kan náà. Ìlà kóòdù méjì ni, wọn kò sì dárúkọ bùráúsà kankan.