Ìkéde Tí Kì í Fi Ewu Pamọ́

Nínú iṣẹ́ ẹni tó ń darí Dungeons & Dragons ti àtijọ́, eré tí eléré kọ̀ọ̀kan ti ń ṣe akọni kan nínú ìtàn, tó jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1974, èyí tó wù mí jù ni bó ṣe ń wá eléré tuntun lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìkéde tó dáa máa ń sọ ọjọ́ àti wákàtí, á sì sọ aago ìlú tó ń tẹ̀ lé, torí aago mẹ́jọ alẹ́ ní Lọ́ńdọ́nù, aago mẹ́ta ọ̀sán ni ní New York. Á dárúkọ ìwé òfin tí wọ́n ń lò, bóyá èyí tí Tom Moldvay ṣàtúnṣe rẹ̀ lọ́dún 1981. Lẹ́yìn náà ló wá kan ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń bẹ̀rù: á sọ ọ́ gbangba pé akọni tó jẹ́ oṣó, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, lè kú nígbà tí ọ̀bẹ bá bà á lẹ́ẹ̀kan péré.

Àwọn kan á ní òótọ́ yìí ń lé èèyàn sá. Ó ń lé àwọn kan lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ dídùn fà wọlé, tí akọni rẹ̀ wá kú lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó ṣòro kó tún padà wá, àwọn yòókù á sì máa dúró dè é lásán. Ẹni tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ kò ní bínú. Á kó dáìsì mẹ́ta, á jù wọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́fà, á kọ iye tó jáde sílẹ̀ bó ṣe tò, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ó ti ní akọni mìíràn. Ẹ̀yin tí ẹ ń wá eléré, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ wákàtí àti ewu sókè ìkéde yín.