Àwòrán Tí Ó Ń Jẹ́rìí: Ọmọbìnrin Aránwú Tí Lewis Hine Yà

Àánú kì í pẹ́ lójú ẹni. Ẹni tí ó rí àwòrán ọmọ tálákà lè mí kanlẹ̀, kí ó sì kọjá lọ. Nítorí náà, omijé tí irú àwòrán bẹ́ẹ̀ fà kọ́ ni ó yẹ kí a fi díwọ̀n rẹ̀, bí kò ṣe ohun tí ó jẹ́ kí òǹwòran mọ̀. Òṣùwọ̀n yìí ni ó gbé iṣẹ́ Lewis Hine, ará Amẹ́ríkà (1874–1940), ga.

Olùkọ́ ni Hine ní New York kí ó tó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní ọdún 1908, tí ó sì ń yàwòrán fún ìgbìmọ̀ kan tí ń gbógun ti fífi ọmọdé ṣiṣẹ́ owó. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, ó ya ọmọbìnrin kan ní ilé iṣẹ́ ìrànwú ní Whitnel, ní North Carolina. Ọmọ náà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, ó tẹjú mọ́ òǹwòran. Kò sunkún, kò sì tọrọ ohunkóhun. Ẹ̀rọ náà gùn lọ rẹrẹ. Gígùn rẹ̀ ni ó sì fi kíkéré ọmọ hàn. Ọlọ́rọ̀ tí ó ni ín kò sí nínú àwòrán, ṣùgbọ́n ọrọ̀ rẹ̀ wà níbẹ̀.

Síbẹ̀, bí a bá fi ojú nìkan wò ó, a lè pè é ní ọmọ tí ó bá ìyá rẹ̀ wá síbi iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ tí Hine kọ sí i ni kò jẹ́ kí a ṣì í túmọ̀. Gíga ọmọ náà jẹ́ íǹṣì 51. Ó ti lo ọdún kan níbẹ̀. A máa ṣiṣẹ́ lóru nígbà mìíràn. Owó rẹ̀ sì jẹ́ sẹ́ǹtì 48 lójúmọ́. Nígbà tí a bi í ní ọjọ́ orí rẹ̀, ó kọ́kọ́ ní òun kò rántí; lẹ́yìn náà ni ó jẹ́wọ́ pé òun kò tíì dàgbà tó ẹni tí ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n òun ń ṣe é. Nínú òṣìṣẹ́ 50, ọmọ 10 ni ó tó bíi rẹ̀. Bọ́tìnnì ẹ̀wù ara rẹ̀ ni Hine a máa fi wọn gíga àwọn ọmọ láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni fura. Ẹ̀rí ni ó ń kó jọ.

Àlébù kan kò ṣeé gbójú fò. Ẹ̀rí yìí fi iye tí ọmọ ń gbà hàn, kò fi iye tí ọ̀gá ń jẹ hàn. A mọ sẹ́ǹtì 48, a kò mọ èrè tí ó ti ibẹ̀ jáde. Bẹ́ẹ̀ ni a kò lè mọ bí àìdọ́gba ti tó láìrí ìhà méjèèjì.

Àgbà kì í wà lọ́jà, kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ní ọjà yìí, àgbà wà, orí ọmọ sì wọ́. Òfin ọdún 1916 tí ó gbìyànjú láti tọ́ ọ kò pẹ́ tí ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ fi fagi lé e ní ọdún 1918. Ọdún 1938 ni òfin mìíràn tó ka iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ léèwọ̀ fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16. Ọdún méjì lẹ́yìn èyí ni Hine kú, nínú àìní. Àwòrán kò lè ṣòfin; ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti wo èyí, tí ó sì ka ọ̀rọ̀ tí a kọ sí i, kò lè sọ pé òun kò mọ̀.