Gbogbo Ẹyẹ Funfun Kọ́ Ni Lékeléke

Ọyẹ́ bo ojú omi tó bẹ́ẹ̀ tí a kò fi rí òdìkejì odò nígbà tí ọkọ̀ wa kúrò ní èbúté Igbókòdá. Oṣù Kìíní ni. Nígbà tí a dé ibi tí odò ti fẹ̀, Bàbá tó ń tukọ̀ pa ẹ́ńjìnnì, ó sì mú ọ̀pá. Obìnrin tó jókòó síwájú ọkọ̀ ló ní kó pa á. Olùkọ́ ilé ìwé ni, Tíṣà ni Bàbá ń pè é, ọmọ etí òkun Ìlàjẹ sì ni àwọn méjèèjì. Awò awòjìn wà lọ́rùn rẹ̀, ìwé kékeré kan wà lórí itan rẹ̀, ó sì fi ọ̀rá wé fóònù rẹ̀ kí omi má bàa ta sí i. Èmi ni àlejò àárín wọn. Mo rí ẹyẹ funfun kan lójú oṣíbàtà, mo nawọ́ sí i, mo ní, “Lékeléke nìyẹn.”

Tíṣà kò tilẹ̀ gbé awò sójú. Ó ní, “Ẹ wo ẹnu rẹ̀.”

Mo wò ó. Ẹnu dúdú ni.

Àwa Yorùbá kì í fi bẹ́ẹ̀ ya àwọn ẹyẹ funfun wọ̀nyí sọ́tọ̀. Lékeléke ni gbogbo wọn ń jẹ́ lẹ́nu wa, ọmọ tí kò bá sì ti na èékánná sókè rí kí lékeléke fún un ní funfun, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìlú òyìnbó ló ti dàgbà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ka ẹyẹ kò lè kọ “funfun” sínú ìwé kó wá lọ sùn. Lékeléke gan-an, èyí tó ń tẹ̀lé màlúù, kúkúrú lọ́rùn, ó sì ní ẹnu aláwọ̀ ìyeyè. Èyí tí mo nawọ́ sí rí tẹ́ẹ́rẹ́, ẹnu rẹ̀ dúdú, ojúgun rẹ̀ dúdú, ṣùgbọ́n nígbà tó yọ ẹsẹ̀ kan kúrò nínú omi, ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ láwọ̀ ìyeyè bí ẹni tó wọ ìbọ̀sẹ̀. Ẹ̀kẹta tún wà tó ga, tí ọrùn rẹ̀ sì ká kọ́rọ́. Òun náà ní àbúrò tó jọ ọ́ bí ìbejì, àfi pé kò ga tó o. Bí àwọn méjèèjì kò bá dúró pọ̀ sójú kan, ta ló máa fi gíga mọ̀ wọ́n? Igun ẹnu ni Tíṣà ń wò. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà níbẹ̀ tó gba abẹ́ ojú lọ. Ti ẹ̀gbọ́n kọjá ojú lọ sẹ́yìn, ti àbúrò dúró sábẹ́ ojú. Ìlà tí kò gùn tó ìka ọwọ́ ni, láti inú ọkọ̀ tó ń mì, nínú ọyẹ́. Mo gbé awò, mo wò títí omi fi yọ lójú mi, mi ò rí ìlà kankan.

Ẹ̀karùn-ún ló máa ń tú àṣírí ẹni tó bá ń kánjú. Ẹyẹ etí òkun ni, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn dúdú bí eérú tí omi ta sí, ọ̀fun wọn nìkan ló funfun. Ṣùgbọ́n a máa rí lára wọn tó funfun láti orí dé ìrù. Bí ó bá wá dúró láàárín àwọn yòókù, ẹnu rẹ̀ tó ki díẹ̀ àti ìwà rẹ̀ ni a ó fi mú un. Kì í dúró jẹ́ẹ́ bí àwọn ẹbí rẹ̀. Á sáré, á bẹ̀rẹ̀, á na apá kan bí ẹni tó ń fi agbòòrùn ṣíji bo omi, á wá gún ẹja. Tíṣà ní ojú ni wọ́n fi ń wá ẹyẹ, ìwà ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ yìí kò yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ ènìyàn.

Bí a ṣe ń sún mọ́ òkun ni etí ilẹ̀ ń yí padà. Ẹni tó bá ti Èkó tọ etí òkun wá, iyanrìn ló máa ń tẹ̀. Bó bá ti wọ ilẹ̀ Màhín, ẹrẹ̀ ló kù tó máa bá pàdé, nǹkan bí kìlómítà 75, kó tó kan ẹnu odò Benin. Ilé orí òpó àti afárá pákó ni ti àwọn ènìyàn níbẹ̀. Ti ẹyẹ ni ẹrẹ̀ fúnra rẹ̀. Nígbà tí omi òkun bá fà, tábìlì oúnjẹ ni, gígùn ẹnu ẹyẹ kọ̀ọ̀kan ló sì ń sọ ìjìnlẹ̀ tí ìpín tirẹ̀ wà. Ẹlẹ́nu kúkúrú ń ṣa ohun tó wà lójú ẹrẹ̀. Ẹlẹ́nu gígùn ń ki ẹnu bọ inú ihò akàn.

Níbẹ̀ ni mo ti kọ́ pé etí náà jẹ́ irinṣẹ́. Ìfé kan dún lẹ́yìn ọyẹ́, ó gún régé, ohùn kan náà léraléra bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn, tó ìgbà méje. Mi ò rí nǹkan kan. Tíṣà ti ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹyẹ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní whimbrel ni, aláwọ̀ koríko gbígbẹ, tí ẹnu rẹ̀ tẹ̀ wálẹ̀ bí dòjé. Ó kọ orúkọ rẹ̀, ó fi àmì sí i pé etí ló fi gbọ́ ọ, ojú kò rí i. Àmì kékeré yẹn ló jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ náà.

Iṣẹ́ ọ̀hún ní òfin. Ní 2015 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Nigerian Bird Atlas Project, láti ilé ẹ̀kọ́ ìwádìí ẹyẹ A.P. Leventis tó wà ní Jos. Wọ́n pín ilẹ̀ Nàìjíríà sí onígun mẹ́rin wẹ́wẹ́, ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan tó nǹkan bí kìlómítà 9. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ ẹyẹ, tó sì ní fóònù, lè gba ojú kan nínú wọn kó ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Olùkọ́ ń ṣe é, akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe é, dókítà ń ṣe é ní ọjọ́ ìsinmi rẹ̀. Ó kéré tán, wákàtí 2 gbáko ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi wá ẹyẹ, kí wọ́n sì gbìyànjú láti dé gbogbo irú ibi tó wà nínú ojú náà, odò, igbó àti ìlú. Wọ́n lè padà wá fi kún un títí ọjọ́ márùn-ún. Bí wọ́n ṣe fojú kan ẹyẹ lẹ́sẹẹsẹ ni wọ́n ń kọ ọ́. Kò sí pé ẹni kan máa gbé èyí tó wù ú síwájú: ẹyẹ tó tètè yọ síni, tó sì ń yọ síni níbi gbogbo, ó ní ohun tó ń sọ nípa iye tirẹ̀ tó wà.

Ní ilẹ̀ gbígbẹ, ẹsẹ̀ àti ọ̀kadà tó fún iṣẹ́ yìí. Ní Ìlàjẹ, ọkọ̀ ojú omi ni, epo bẹntiróòlù ni, ìgbà tí omi fà àti ìgbà tí omi kún ni. Bí Bàbá kò bá mọ wákàtí omi, Tíṣà kò lè rí ẹrẹ̀ tí yóò ka ẹyẹ lórí rẹ̀. Nítorí náà, n kò lè sọ pé iṣẹ́ ẹnì kan ni mò ń wò.

Bàbá náà ti ń wo ẹyẹ kí ẹnikẹ́ni tó gbé awò fún un. Ẹ bi apẹja tó bá ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Bí ẹyẹ òkun bá ń fò lókè, tó ń yí kiri, ó ṣì ń wá ni, ẹ má sọ àwọ̀n. Bó bá rẹlẹ̀, tó ń já lulẹ̀ bí òkúta, tí èkejì já, tí ẹ̀kẹta já, ẹja kéékèèké ti gòkè nìyẹn, ohun tó tóbi jù wọ́n lọ ló sì ń lé wọn bọ̀ láti ìsàlẹ̀. Bàbá na ọ̀pá sí méjì tí ń fò lọ lọ́nà jíjìn. Ó ní, “Ẹlẹ́nu ọsàn ni èyí tó tóbi. Ìkejì, ẹnu ẹ̀ dúdú, àmọ́ ó ti ṣóńṣó ẹnu bọ ìyeyè.” Tíṣà yẹ ìwé rẹ̀ wò, ó rẹ́rìn-ín. Bí ìwé ṣe wí gẹ́lẹ́ nìyẹn. Ó kàn jẹ́ pé ìwé fún wọn ní orúkọ Látìnì, Bàbá sì ń pè wọ́n ní ẹyẹ ẹlẹ́ja.

Kíkà wọn tún ni ọgbọ́n mìíràn. Agbo ẹyẹ bà lé àwọn òpó tí wọ́n ń so àwọ̀n mọ́, wọ́n fún pọ̀, àwọn kan fò, àwọn kan tún bà. Bí o bá ń kà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọn á ti lọ kí o tó dé ogún. Tíṣà ka márùn-ún, ó fi ojú wọn ìbú márùn-ún náà, ó wá gbé òṣùwọ̀n ojú yẹn lé agbo náà láti ọwọ́ òsì dé ọwọ́ ọ̀tún. Mo rántí pé bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn baba wa ṣe ń ka owó ẹyọ, ní márùn-ún márùn-ún, tí ọwọ́ ń ya nǹkan sọ́tọ̀ tí ẹnu kò sì dúró. Bí agbo bá tóbi, á fi mẹ́wàá wọ̀n ọ́n. Bó bá tún tóbi jù bẹ́ẹ̀, ọgọ́rùn-ún. Bàbá náà kà tirẹ̀ láìwo ẹnu Tíṣà. Tíṣà ní 43, Bàbá ní 46. Kò sẹ́ni tó bínú. Wọ́n tún un kà, Tíṣà sì rí i pé mẹ́ta ti yí ẹ̀yìn ọkọ̀ gbà, wọ́n padà wá bà sí ìparí. Ó kọ 43.

Kí ni 43 ẹyẹ lórí òpó àwọ̀n já mọ́? Ọyẹ́ tó wà lójú wa ní ohun tó ń sọ. Eruku yẹn ti aṣálẹ̀ wá, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹyẹ tí à ń kà náà gba aṣálẹ̀ kọjá. Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ tó ní ọ̀fun pupa àti ọ̀já dúdú láyà kì í ṣe ti abẹ́ òrùlé wa. Ilẹ̀ Yúróòpù ló ti pamọ. Kò wúwo ju nǹkan bí gíráàmù 20 lọ, ó sì fi apá la Sàhárà tí ìbú rẹ̀ lé ní kìlómítà 1,500. Ọ̀kan nínú ibi tí irú ẹyẹ bẹ́ẹ̀ ti ń kọ́kọ́ rí omi ní orílẹ̀-èdè wa ni àbàtà Hadejia-Nguru, ní Yobe àti Jigawa. Ní 2000 ni wọ́n kọ adágún Nguru sínú àkọsílẹ̀ Ramsar ti àwọn àbàtà tó ṣe pàtàkì sí gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n ìsédò Tiga, tí wọ́n parí ní 1974 ní apá òkè odò, ti dín omi ibẹ̀ kù, koríko gíga tí àwọn Haúsá ń pè ní kachalla sì ti dí ọ̀nà odò fún apẹja àti ẹyẹ. Ní oṣù Kìíní kan náà yìí ni wọ́n máa ń ka ẹyẹ omi káàkiri àgbáyé. Láti 1967 ni kíkà náà ti wà. Nítorí náà, nígbà tí Tíṣà ń nu eruku kúrò lójú awò rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ní Nguru náà ń nu tirẹ̀, kí eruku náà sì jẹ́ ọ̀kan náà. Wọn kò mọ ara wọn. Bí nọ́ńbà ti ibẹ̀ bá ń wálẹ̀, tí ti ibí náà sì ń wálẹ̀, a ó mọ̀ pé àgbáyé ni ọ̀ràn wà. Bó bá jẹ́ ti ibí nìkan ló wálẹ̀, ẹrẹ̀ tiwa ni kí á yẹ̀ wò.

Ẹrẹ̀ tiwa sì nílò ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò. Òkun ti gbé ọ̀pọ̀ nínú ilé Ayétòrò lọ, ìlú tí àwọn Àpọ́sítélì dá sílẹ̀ ní 1947. Epo rọ̀bì máa ń ta sójú omi. Ẹni tó ti pàdánù ilé lè bi wá pé ẹyẹ ni a wá kà ni? Tíṣà ti gbọ́ ìbéèrè náà rí. Ó ní, “Ibi tí ẹyẹ ń jẹun náà ni ẹja ń pamọ sí.” Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó tún gbé awò sójú.

Nígbà tí omi bẹ̀rẹ̀ sí í kún, a yí orí ọkọ̀ padà. Ẹyẹ kékeré kan ta kúrò létí bèbè, ó fò lọ sínú ìmọ́lẹ̀ oòrùn. Irú méjì ló lè jẹ́. Ọ̀kan máa ń gbọn ìdí sókè sódò bó bá dúró, á sì fò rẹlẹ̀ pẹ̀lú apá líle tó ń gbọ̀n. Ìkejì, ìdí rẹ̀ funfun báláú bó bá ń fò. Oòrùn ti gba ojú wa. Mo ní kó kọ èkíní, nítorí a ti rí tó mẹ́ta irú rẹ̀ láàárọ̀ yẹn, ta ló máa mọ̀? Tíṣà pa ìwé dé.

Mo wo Bàbá, bóyá yóò bá mi dá sí i. Ó fa okùn ẹ́ńjìnnì, kò jí. Ó tún un fà.

Ó ní, “Ẹja tí kò bọ́ sínú ọkọ̀, ta ní ń kà á?”