Ilé Tí Ẹnikẹ́ni Kò Mọ

Bí ọ̀rọ̀ bá kan ilé ìjọsìn tó jọni lójú, gíga ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń díwọ̀n rẹ̀. Ìdí nìyí tí ariwo fi pọ̀ nígbà tí Póòpù John Paul Kejì ya ti Yamoussoukro ní Côte d'Ivoire sí mímọ́ ní ọdún 1990. Ó ga ní mítà 158, ó sì fara jọ ilé Peteru Mímọ́ ti Róòmù gan-an. N kò sẹ́ pé ó tóbi. Ṣùgbọ́n ìrísí ẹlòmíràn ni wọ́n fi owó ńlá rà.

Ní Lálíbẹ́là, ní àríwá Ètíópíà, ọ̀nà mìíràn pátápátá ni wọ́n tọ̀. Ẹni tó ń bọ̀ wá sí Bete Giyorgis kò ní í rí ilé kankan lókèèrè. Ó di ìgbà tó bá dé etí kòtò kó tó rí i pé òrùlé ilé ló wà ní déédéé ẹsẹ̀ òun, tí wọ́n gbẹ́ àgbélébùú sí i lára, ọ̀kan nínú èkejì. Ilé náà fúnra rẹ̀ rí bí àgbélébùú, ó sì jìn wọlẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 12.

Kò sí bíríkì, kò sí amọ̀, kò sí igi àjà. Yàrà ni wọ́n kọ́kọ́ gbẹ́ yí àpáta pupa náà ká. Èyí tó ṣẹ́ kù láàrin ni wọ́n wá ń gbẹ́ láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, tí wọ́n sì ń kó ikùn rẹ̀ jáde títí ó fi ku òpó, ògiri àti fèrèsé. Bí ògiri ẹni tó ń mọlé bá wọ́, ó lè wó o, kó tún un mọ. Ohun tí irin bá ti ké kúrò lára àpáta, ó ti lọ nìyẹn. Ẹni tó bá ti rí òpó tí Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀ gbẹ́ sí ààfin Ìkéré yóò mọ irú ọkàn tí iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń fẹ́. Àfi pé igi ni ti Ọlọ́wẹ̀, òkè odidi sì ni tiwọn.

Mọ́kànlá ni àwọn ṣọ́ọ̀ṣì náà. Francisco Álvares, àlùfáà ará Potogí tó wà ní Ètíópíà láàrin ọdún 1520 sí 1526, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé ó sú òun láti máa ròyìn wọn, kí wọ́n má baà pe òun ní onírọ́. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yìí. Àwọn tó ń bí mi nínú ni àwọn òǹkọ̀wé òyìnbó ayé òde òní tí wọ́n ń wí, láìsí ẹ̀rí, pé àwọn jagunjagun Templar ló gbẹ́ wọn. Ìtàn àwọn onílé sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ: ènìyàn ń gbẹ́ lọ́sàn-án, áńgẹ́lì ń gbà á lọ́wọ́ wọn lóru. Wọn kò gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ baba wọn.

Òjò ń jẹ àpáta, èyí kò ní àríyànjiyàn. Ní nǹkan bí ọdún 2008, wọ́n gbé àtíbàbà ńlá onírin mẹ́rin dúró sórí àwọn kan nínú wọn. Ní ọdún 2018, àwọn ará ìlú fi ẹ̀hónú hàn, wọ́n ní ẹ̀rù ń bà wọ́n kí irin náà má wó lu ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀rù náà bá èmi náà, ṣùgbọ́n ẹ̀sùn mi tún ju ìyẹn lọ. Ilé tí gbogbo ọgbọ́n rẹ̀ dá lórí pé kò ga ju ilẹ̀ lọ ni wọ́n wá fi òrùlé gíga bò. Orí Bete Maryam wà lára ibi tí wọ́n gbé e sí. Ibẹ̀ gan-an sì ni àwọn àlùfáà máa ń tò sí lójú ọjọ́ Genna, Kérésìmesì wọn ti oṣù Ṣẹ́rẹ́: àwọn kan lórí etí kòtò, àwọn kan nísàlẹ̀, tí orin ń lọ tí ó ń bọ̀ láàrin wọn. Bí ó bá ṣe é ṣe láti dí ojú sísán àpáta náà ní ìwọ̀nba, lọ́dọọdún, pẹ̀lú ọwọ́ àwọn agbẹ́kúta ìlú náà, n ó fara mọ́ ọn kí wọ́n ká irin náà kúrò.