Odán Ojúde àti Àtúnṣe Ìgboro Ìbàdàn

Ohun tí a fẹ́ ṣe lámèyítọ́ rẹ̀ níhìn-ín ni ọ̀nà tí a ń gbà tún ìgboro Ìbàdàn ṣe de ìyípadà ojú-ọjọ́. Láti ìgbà tí Ògùnpa ti ya wọ ìgboro ní 1980, tí àgbàrá sì tún pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní 2011, ọ̀rọ̀ omi ni ó gba ẹnu kan. Orí rẹ̀ náà ni a dá 200 mílíọ̀nù dọ́là tí Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí ní 2014 lé. A kò bá wọn jà. Àléébù ibẹ̀ ni pé a ya ọ̀rọ̀ omi sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀rọ̀ ooru. Odán tí àwọn baba wa ń gbìn sí ojúde àti ọjà kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán: abẹ́ rẹ̀ ni a ti ń ná ọjà, ewé rẹ̀ ń dín agbára òjò kù, gbòǹgbò rẹ̀ sì ń la ilẹ̀ fún omi. Bí a bá gé e, tí a fi kọ́ńkéré bo ilẹ̀, ooru a mú, òjò a sì di àgbàrá tí ń wá Ògùnpa lọ. (Òṣèlú lè ṣí kòtò kọ́ńkéré lójú ayé, odán kò ṣeé ṣí.) Kí a tó tún da kọ́ńkéré sí ojúde kankan, ó yẹ kí a bi obìnrin tí ń pàtẹ níbẹ̀ léèrè ibi tí ìbòòji ń dé ní agogo méjì ọ̀sán.